Ẹ jẹ́ kí ọmọ jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn pólì ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka àti olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìyàwòrán ilé àti wíwọn ilẹ̀ ní Yábàá, ní Ìbàdàn, ní Ìlaròó, ní Ẹdẹ, ní Adó-Èkìtì, ní Ọ̀fà àti ní àwọn pólì wa tó kù, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kú ìfaradà iná tí kì í dúró àti kọ̀ǹpútà tí kì í kárí kíláàsì.

Dráfúmáànì ni mí n'Ìbàdàn. Pùláànù ilé, àwòrán géètì àti àwòrán ẹ̀rọ fún àwọn wẹ́dà ni mo fi ń jẹun. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ni wọ́n ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ àwa tí a ní ọ́fíìsì kéékèèké, àwọn kan náà ló sì ń padà wá wáṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá gba HND. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, mo sì kọ ọ́ ní gbangba kí àwọn òbí wọn àti àwọn fúnra wọn lè bá wa kà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ jọ̀wọ́, láti sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ìyàwòrán lórí sọ́fúwíà kan tó lè jẹ́ tirẹ̀ títí láìsan kọ́bọ̀, ní àfikún sí AutoCAD, sọ́fúwíà olówó tí ẹ ń fi kọ́ wọn. LibreCAD tàbí QCAD Community (ẹ̀dà ọ̀fẹ́ QCAD) tó fún àwòrán 2D, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ. FreeCAD tó fún 3D, tó ń fi gbogbo ara nǹkan hàn. Mi ò ní kí ẹ lé AutoCAD jáde o. Ohun tí mo ní ni pé kó má ṣe òun nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni wọ́n ń san lórí AutoCAD fún ọdún kan. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á tún san òmíràn. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, owó yẹn kò tó mílíọ̀nù kan náírà. Bí a bá fi ₦1,500 ṣírò dọ́là kan, mílíọ̀nù mẹ́ta ni. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò kó owó oṣù rẹ̀ jọ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, láìjẹun, láìwọ mọ́tò, kó tó lè san ti ọdún kan ṣoṣo. AutoCAD LT, ẹ̀dà kékeré rẹ̀, wà lóòótọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó ti ńlá sì ni wọ́n ń tà á, àmọ́ òun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó ọdún kan òṣìṣẹ́ yìí lọ tán.

Nǹkan ò rí báyìí látilẹ̀. Ọdún 1982 ni Autodesk gbé AutoCAD jáde, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tó bá rà á sì fi ń lò ó títí tó fi máa sú u. Ní 2016 ni wọ́n dáwọ́ irú títà bẹ́ẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá san ti ọdún yìí, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn. Autodesk ló ni ọjà rẹ̀, bó bá sì ṣe wù ú ló lè tà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé ilé-ìwé tí ìjọba àti òbí ń náwó sí ń fi gbogbo ẹ̀kọ́ ìyàwòrán so mọ́ ọjà kan ṣoṣo, tí ẹni tó kọ́ ọ kò sì ní lè rà á.

Mo mọ èsì tí ẹ ó kọ́kọ́ fún mi: Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọdún kan-ọdún kan ni, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì wà nílé-ìwé kí wọ́n tó tún un ṣe fún un. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ fi ṣe iṣẹ́ owó. Ìyẹn ni pé ọdún tí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí pé òun mọṣẹ́, ọdún náà gan-an ni irinṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ télọ̀. Bó bá fẹ́ gba òmìnira, máṣíìnì ni bàbá rẹ̀ máa kọ́kọ́ wá, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ọ̀gá télọ̀ tó máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́rin lórí máṣíìnì kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ kò ní sí fún un láyé mọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣe frídọ̀mù.

Kí wá ni ọmọ yẹn ń ṣe? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kàn ń gbójú kúrò níbẹ̀ ni. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi fláàṣì gbé ayédèrú wọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹni náà á ní kó pa ohun tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì ná, kó pa íntánẹ́ẹ̀tì, kó má sì jẹ́ kí sọ́fúwíà náà tún ara rẹ̀ ṣe láé. Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ òótọ́ á wá fi irinṣẹ́ olè bẹ̀rẹ̀ ayé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ ewu yìí kì í ṣe ìdẹ́rùbà lásán. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ ESET tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì rí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní ACAD/Medre.A, tó jẹ́ pé fáìlì AutoCAD gan-an ló ń bá rìn. Orílẹ̀-èdè Peru ló ti jà jù. Bí ẹnì kan bá ṣí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà tó ti kó o, kòkòrò náà á fi ẹ̀dà àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn àdírẹ́sì ímeèlì ní Ṣáínà láìjẹ́ kí ẹni tó ni í mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá àwòrán ló bá a lọ. Ẹ ronú nípa oníbàárà tó gbé pùláànù ilé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, yàrá tí yóò máa sùn àti ibi tí yóò tọ́jú nǹkan rẹ̀ sí, kí irú rẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí i. Láti 2023 tí Ààrẹ sì ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ń fi ayédèrú ṣòwò mọ̀ pé ẹjọ́ ń bẹ lẹ́yìn òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí lè ṣe, nítorí mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè wọ́n ní ohun ìṣeré.

Ẹ wo géètì tó gbòde báyìí. Wẹ́dà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ rọ́ọ̀dù mọ́. Ṣíìtì irin ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ plasma, kọ̀ǹpútà á sì máa darí iná náà kó gé òdòdó, orúkọ ìdílé tàbí àwòrán ẹyẹ sí i lára. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ AutoCAD. Fáìlì àwòrán tí wọ́n ń pè ní DXF ni sọ́fúwíà tó ń kọ àṣẹ fún un ń kà. Autodesk fúnra rẹ̀ ló dá DXF sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì fi ìlànà rẹ̀ sí gbangba kí sọ́fúwíà mìíràn lè kà á. LibreCAD àti QCAD sì rèé, DXF ni èdè abínibí wọn. Ohun tó ń yọ àwọn ọmọ IT lẹ́nu níbi iṣẹ́ yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ sọ́fúwíà rárá. Ìlà tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé ni, tí ẹ̀rọ á fi dúró láàárín iṣẹ́. Ìlà méjì tó sùn lé ara wọn, tí iná á fi gé ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Àti gbígbàgbé pé iná náà ní fífẹ̀ tirẹ̀, tó jẹ́ pé ihò tí wọ́n yà ní mílímítà 10 á jáde ní fífẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí LibreCAD ni ọmọ ti lè kọ́ gbogbo rẹ̀. Layer (ìpele tí a ń pín àwòrán sí) wà níbẹ̀, block (àwòrán kékeré tí a ń lò léraléra) wà níbẹ̀, hatch (ìlà tí a fi ń kún inú àwòrán) wà, dimension (ìwọ̀n) wà, títẹ àwòrán síta ní scale (ìwọ̀n tí a fi ń sọ ohun ńlá di kékeré lórí ìwé) wà, ó sì ń sọ àwòrán di PDF. Àwọn oníṣẹ́ igi tó ń lo router, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ igi, náà, DXF kan náà ni wọ́n ń bèèrè.

Ẹ wá wo FreeCAD, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù létí mi. Mélòó nínú àwọn ọmọ yín ni kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tàbí èyí tí wọ́n fi ń fọ́ èkùrọ́ fún project? Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀gẹ́. Ọmọ á ya ṣáàfútì, á ya dúrọ́ọ̀mù tó ń họ ẹ̀gẹ́, bẹ́ríǹgì méjì, púlì, férémù tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró àti ẹnu fífẹ̀ tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí. Nínú FreeCAD, ó lè kó gbogbo ìwọ̀n yìí sínú tábìlì kan bíi ti Excel, kó sì so àwòrán mọ́ ọn. Bó bá dé Aráròmí ní Gate, tí kò rí bẹ́ríǹgì P205 tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, tó sì jẹ́ pé P206 oní-30 ló wà lọ́jà, kò ní tún àwòrán kankan yà. Nọ́ńbà kan ni yóò yí padà nínú tábìlì. Ṣáàfútì á nípọn sí i, ihò púlì á fẹ̀, ibi tí bẹ́ríǹgì jókòó sí lórí férémù á sún, ìwé àwòrán tó fẹ́ gbé fún wẹ́dà náà á sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣíìtì tí wọ́n fi ṣe ẹnu ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Àfikún kan wà tí wọ́n ń pè ní SheetMetal, ọ̀fẹ́ lòun náà, tó ń tú ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sí 3D padà sí pẹlẹbẹ, kí wẹ́dà lè rí bí yóò ṣe gé irin rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Wẹ́dà tó ti ń fi páálí wọn ọ́n láti kékeré mọ iye ṣíìtì tí èyí ń gbà lọ́wọ́ òfò.

FreeCAD ní ibi tí wọ́n ti lè fi CalculiX dán an wò bóyá férémù máa gbé ẹrù, ó sì ní apá CAM tó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Open Source Ecology ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi àwòrán ẹ̀rọ iṣẹ́ oko àti ẹ̀rọ tí ń tẹ búlọ́ọ̀kù alámọ̀ síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, FreeCAD ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi irin gidi ṣe nìyẹn o, tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín ti gbìyànjú FreeCAD nígbà kan kó sì bínú pa á tì. Mo mọ ohun tó fà á. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá padà lọ tún àwòrán ìpìlẹ̀ ṣe, ihò tí ẹ gbẹ́ sí apá òkè lè fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí gbogbo ara ẹ̀rọ náà dà rú, nítorí sọ́fúwíà náà ń gbàgbé ojú wo ni ihò wà. Ó yọ àwọn tó ń ṣe é lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún, ti tún èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣe. Nínú ẹ̀dà yẹn kan náà ni wọ́n ti fi ibi ìto ẹ̀rọ pọ̀ sínú rẹ̀, àti ibi ìyàwòrán ilé tó ń lo IFC, fáìlì tí oríṣiríṣi sọ́fúwíà ìyàwòrán ilé jọ ń kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò.

Ibi tí wọ́n kù sí náà wà, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó le jù ni DWG, fáìlì AutoCAD gan-an. LibreCAD lè ṣí àwọn kan nínú rẹ̀, kò lè tọ́jú àwòrán sínú rẹ̀. FreeCAD nílò olùyípadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí Open Design Alliance ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. QCAD Professional ń ka DWG ó sì ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san owó rẹ̀, kò sì tó 100 Euro. Fún ọ́fíìsì tó ń bá àwọn kọ́ńsọ́tàǹtì ńlá ṣe pọ̀ lójoojúmọ́, BricsCAD láti Belgium àti ZWCAD láti Ṣáínà wà, DWG ni wọ́n sì ń lò ní tààrà. Ẹni tó bá mọ AutoCAD kò ní ṣìnà níbẹ̀. Ní ti ilé alájà púpọ̀ tí àkítẹ́ẹ̀tì, ẹnjiníà àti oníná jọ ń ṣe lórí Revit, sọ́fúwíà ìyàwòrán ilé tí Autodesk náà ń tà, mi ò ní tàn yín pé FreeCAD ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olówó gan-an ti ń kígbe lórí ìyẹn. Ní 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé ńláńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Zaha Hadid Architects wà lára wọn, kọ lẹ́tà ṣíṣí sí ọ̀gá Autodesk pé owó Revit ń gòkè, ìtẹ̀síwájú rẹ̀ kò sì bá owó dọ́gba. Bí ẹrù náà bá wúwo lórí àwọn yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ rí lórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba HND ní Ìlaròó?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ bá ń yan èyí tí ẹ máa lò. Ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan fúnni, ilé-iṣẹ́ náà lè gbà á padà. DraftSight, sọ́fúwíà ìyàwòrán mìíràn, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ dráfúmáànì sì gbára lé e. Nígbà tí 2019 parí, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ náà parí pẹ̀lú rẹ̀. Fusion 360, sọ́fúwíà 3D tí Autodesk fún àwọn tó ń lò ó nílé lọ́fẹ̀ẹ́, ní 2020 ni wọ́n gé e kù, tí ẹnì kan kò lè ní ju fáìlì 10 tó ṣeé tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Onshape, sọ́fúwíà 3D orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní àyè ọ̀fẹ́, àmọ́ gbogbo ayé ló ń rí àwòrán tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, kò sì ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. LibreCAD, QCAD Community àti FreeCAD kò sí lábẹ́ irú àṣẹ yẹn. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi gbé wọn jáde gbà wá láyè láti lò wọ́n, láti dà wọ́n kọ, láti pín in fún gbogbo kíláàsì, kódà láti tú inú wọn wò, a sì lè fi wọ́n ṣe iṣẹ́ owó. Kò sẹ́ni tó lè jí lọ́la kó ní òun gba èyí tó ti wà lọ́wọ́ wa. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ àwọn mẹ́ta yìí ju àwọn tó kù lọ nìyẹn.

Láptọ́ọ̀pù náà tún wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò. AutoCAD ti 2024 bèèrè ó kéré tán GB 8 RAM àti GB 10 àyè. LibreCAD kéré débi pé ọmọ kan lè fi Bluetooth gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń sáré lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn kan ti pa tì.

Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń bèèrè AutoCAD, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì parọ́. Àmọ́ nígbà tí èmi bá fẹ́ gba ọmọ síṣẹ́, mo máa ń ní kó ya wíńdò kan fún mi, kó fi ìwọ̀n sí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ síta lórí A3 ní 1:50. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀. Ẹni tí scale ti yé, tó mọ ohun tó yẹ kó wà lórí layer wo, tó mọ̀ pé wẹ́dà kò lè fi ìwọ̀n tí kò sí lórí ìwé gé irin, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa mọ́ AutoCAD. Ẹni tó bá wá há bọ́tìnì AutoCAD sórí láìní òye yìí, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde ló máa sọnù.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ rí kò wúwo. Ẹ fi àwọn sọ́fúwíà yìí sórí kọ̀ǹpútà inú láàbù, kí ẹ sì ní ẹ̀dà wọn lórí fláàṣì lọ́dọ̀ olùtọ́jú láàbù, kí ọmọ má ṣe torí dátà kùnà láti ní in. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àṣetiléwá wọlé ní DXF àti PDF, láìbèèrè sọ́fúwíà tí ọmọ fi yà á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo project ọdún ìkẹyìn gbé fáìlì àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ka, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí, kó mú ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan náà dára sí i dípò kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà náà lè túmọ̀ àwọn àṣẹ inú FreeCAD sí Yorùbá, nítorí ẹnu ọ̀nà ìtumọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá ṣe é, àwọn wẹ́dà àti káfíńtà tí kò ka ìwé púpọ̀ á lè jókòó tì í.

Àwọn olùkọ́ ló máa kọ́kọ́ nílò ìrànlọ́wọ́, mo mọ̀, iṣẹ́ sì ti pọ̀ lọ́wọ́ yín. Àwa tí a ń lò ó lójoojúmọ́ n'Ìbàdàn yìí ti jọ sọ ọ́: bí ẹ̀ka kan bá fún wa ní yàrá àti kọ̀ǹpútà nígbà ìsinmi, a máa wá jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láìgba owó, a ó sì mú àwòrán iṣẹ́ gidi wá, géètì, àtẹ̀gùn, òrùlé àti ẹ̀rọ, ká jọ yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ sáà sọ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Dráfúmáànì kan, Ìbàdàn.